Bí mo ṣe wọn ipá Casimir láàárín wúrà méjì nínú ethanol

Bí wúrà bá sún mọ́ wúrà gan-an nínú ethanol, ìyẹn ògidì ọtí, ṣe ló yẹ kí wọ́n máa fa ara wọn. Ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ kẹta ni pé wọ́n ń ti ara wọn, tagbára-tagbára. Bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ra ni ìlà gíráàfù náà ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ ló yẹ kó forí lé.

Ní 1948, Hendrik Casimir, ará Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Philips ní Eindhoven, fi ìṣirò hàn pé irin méjì tó kọjú síra nínú òfìfo yóò fa ara wọn, bí kò tilẹ̀ sí iná tàbí òòfà lára wọn. Òun là ń pè ní ipá Casimir. Òfìfo kì í sinmi. Ìgbì ń gbọ̀n nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì kò sì gba gbogbo irú ìgbì tó wà níta, ìyẹn ló ń mú kí wọ́n súnmọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀rọ̀ olómi ló bí i: Theo Overbeek, tóun náà wà ní Philips, ló rí i pé àwọn ẹ̀rún tó léfòó nínú olómi kò ṣe bí ìṣirò àtijọ́ ṣe wí bí wọ́n bá jìnnà síra díẹ̀. Ní 1961, àwọn onímọ̀ físíìsì mẹ́ta, Dzyaloshinskii, Lifshitz àti Pitaevskii, ṣe ìṣirò tó kan olómi fúnra rẹ̀. Àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Munday àti Capasso, wá wọn ti wúrà nínú ethanol ní 2007. Ọ̀nà tiwọn ni mo tọ̀.

Bọ́ọ̀lù kan tí ìbú rẹ̀ tó 40 máíkírómítà, tí kò tó ìbú irun orí, ni mo lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tó ń tẹ̀. Mo fi wúrà bò ó, mo sì fi wúrà bo gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pá náà bá tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lésà tó ń ta lẹ́yìn rẹ̀ á yẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ la ti ń ka ipá. Afẹ́fẹ́ tó há sínú ethanol ló jẹ ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà tí mo fi síríńjì tẹ ọtí náà wọlé ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ló tó mọ́ gaara.

Ìyẹn ni mo ṣe tán tí mo rí ìlà tó ń gòkè. Ẹ̀gbọ́n kan nínú yàrá ìwádìí wa wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

“Àbúrò, báwo ni bọ́ọ̀lù yẹn ṣe ń yára sọ̀kalẹ̀ tó?”

“Máíkírómítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, sà.”

“Ọtí lò ń wọ̀n.”

Òótọ́ ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ nínú garawa omi, ẹ ó rí i bí omi ṣe ń kọ̀ fún àtẹ́lẹwọ́ láti pàdé. Ethanol gbọ́dọ̀ sá jáde lábẹ́ bọ́ọ̀lù kó tó lè sọ̀kalẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: bí àlàfo abẹ́ bọ́ọ̀lù bá ku 100 nánómítà (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló wà nínú máíkírómítà kan), ìtakò ọtí ń lọ sí 800 piconewton, ìwọ̀n tí a fi ń ka ipá tó kéré jọjọ. Ipá Casimir, bí a tilẹ̀ fi òfìfo àti irin tí kò lábùkù ṣe é, kò ju bíi 54 lọ níbẹ̀, nínú ethanol ó tún dín sí i. Ẹyọ yanrìn wíwẹ́ kan wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po igba.

Àmọ́ ìtakò ọtí ń tẹ̀ lé ìyára; ipá Casimir kò mọ ìyára kankan. Mo dín ìyára kù sí 50 nánómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìtakò sì bọ́ sí nǹkan bí 4 piconewton. Mi ò da ìwọ̀n tó yára nù o. Nínú afẹ́fẹ́, iná mànàmáná la lè fi mọ bí ọ̀pá ṣe le tó, ṣùgbọ́n àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹ̀rún tó ní iná lára, inú ethanol máa ń bo iná náà mọ́lẹ̀. Ìtakò tó dà mí láàmú yẹn gan-an ni mo wá fi mọ̀ bí ọ̀pá ṣe le tó àti iye tí bọ́ọ̀lù fi jìnnà sí gíláàsì, torí ìṣirò rẹ̀ kò rúni lójú.

Mo ń tún un ṣe lóru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà pọ̀, mo yọ ìtakò kúrò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wúrà kan wúrà, ìlà náà tẹ̀ sísàlẹ̀, ó wọ abẹ́ òdo. Mo dìde dúró níwájú kọ̀ǹpútà, mi ò lè jókòó.

Gíláàsì tí kò ní wúrà lójú ni mo ń fọ̀ báyìí, pẹ̀lú ìgò bromobenzene lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú olómi yẹn ni Munday, Capasso àti Parsegian ti rí i ní 2009 pé wúrà àti gíláàsì silica ń ti ara wọn ní tòótọ́. Bí ìlà mi bá tún gòkè, ìyára méjèèjì ni màá kọ́kọ́ fi dán an wò.