Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Lọ Pàgọ́ ní Shenandoah, Kí Ẹ Má sì Dá Wà

Oṣù September, ọdún méjì sẹ́yìn, ni mo kọ́kọ́ dá lọ sun inú àgọ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní Laurel, ní Maryland. Àbíkẹ́yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó ní kíṣìnì, òkè ló ṣáà ń wù mí í rí. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tí wọ́n bí sí abẹ́ òkúta, tó bá pẹ́ jù níbi tó tẹ́jú, ara rẹ̀ á máa béèrè òkè. Òkè Blue Ridge ní Virginia kò jìnnà sí wa púpọ̀, orí rẹ̀ ni Shenandoah wà, ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1935.

Àwọn ìyá ìjọ wa ní, "Ìwọ nìkan? Nínú igbó? Pẹ̀lú béárì?" Wọn ò jẹ̀bi, ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lọ lẹ́ẹ̀márùn-ún báyìí, ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ àgọ́ àti ẹní ni pé ẹni tó dá lọ ní láti tètè mọ àwọn tó yí i ká. Ará àdúgbò yín ni wọ́n fún ọjọ́ méjì. Àwọn ni yóò gbọ́ bí ẹ bá figbe ta lóru. Bí èèyàn bá kó dé ilé tuntun, ṣé kì í kí ará ilé ni? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òkè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ná. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló la ọgbà náà já láti àríwá dé gúúsù, Skyline Drive ni wọ́n ń pè é, 105 máìlì ló gùn. Ní máìlì kọ̀ọ̀kan, òkúta kékeré kan wà létí títì tó ní nọ́ńbà lára. Ní Front Royal, ìlú tó wà ní ìparí ọ̀nà náà níhà àríwá, ni 0 wà. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo èèyàn fi ń júwe ibi. Nínú àwọn ibùdó tí wọ́n ń pàgọ́ sí, Big Meadows wà ní 51, Lewis Mountain ní 57.5, Loft Mountain ní 79.5. Ẹ ò gbọdọ̀ sáré ju 35 máìlì ní wákàtí kan lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá gba Front Royal wọlé, ó tó wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó dé Lewis Mountain. Ohun tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú kí n tó débẹ̀. Nísinsìnyí, ọ̀nà 33 ni mò ń gbà, màá wọlé ní Swift Run Gap, máìlì 65.5, yóò wá ku máìlì mẹ́jọ péré. Ẹ rọ epo kún táǹkì kẹ́ ẹ tó gun òkè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé: ibi tẹ́ ẹ ó sùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ ó padà, aago mélòó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ pátápátá níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Bowie ni mo máa ń fún. Tí aago mẹ́jọ alẹ́ Sunday bá lù tí kò gbọ́ ohùn mi, ó mọ nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà tí yóò pè.

Lewis Mountain ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ó kéré. Ojú àgọ́ ibẹ̀, ìyẹn àyè tí wọ́n ń pa àgọ́ sí, kò ju bí 30 lọ. Ẹ̀rọ omi kan náà ni gbogbo yín jọ ń lọ, ibi ìfọwọ́ kan náà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan náà, nígbà tó bá fi di ọjọ́ kejì, ojú ti mọjú. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń mú àyè. Nítorí náà, ẹ dé lọ́jọ́ Thursday, tàbí kó pẹ́ tán, kí ọ̀sán Friday tó pọ́n. Big Meadows tóbi, ó sì dára, ẹ sì lè gba àyè sílẹ̀ níbẹ̀ lórí Recreation.gov, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan.

Nílé ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ pa àgọ́ yín, lẹ́yìnkùlé, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́, mo gbé òòlù, mo kan àwọn èèkàn náà mọ́lẹ̀ ṣánṣán. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, igun kan á já. Bàbá arúgbó kan, òyìnbó, tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, dúró létí ojú àgọ́ mi, ó ní ṣé kí òun wá. Mo ní kó jọ̀ọ́ máa bọ̀. Kò gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ó lóṣòó, ó fi ìka méjì fa èèkàn kan, èèkàn náà sì yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́ tó yọ lára aṣọ. Ó wá dagun òmíràn, ẹnu rẹ̀ dojú kọ abẹ́ àgọ́, orí rẹ̀ sì fà sẹ́yìn, ó gbá a wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kí n fà á. Mo fà á títí, kò mira. Ó ní kí n kan ìyókù fúnra mi, ó sì dúró títí mo fi ṣe é tán. Ọ̀rẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní lórí òkè nìyẹn. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ má ṣe tijú láti gba ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ràn yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ ò ní kúrò lára yín mọ́.

Ẹ mú ẹní tó nípọn tàbí èyí tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, torí ilẹ̀ ló ń gbé òtútù wọ ara ju òfurufú lọ. Orí òkè máa ń tutù ju ìsàlẹ̀ lọ dáadáa, kódà nínú oṣù August. Ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ onírun, fìlà, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí, àti bàtírì rẹ̀. Ẹ má ṣe di igi ìdáná láti ilé. Wọ́n ka èyí léèwọ̀, torí kòkòrò tó ń pa igi máa ń wà nínú igi tí wọ́n gbé láti ibòmíràn wá. Ẹ ra igi ní ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rin inú koríko dé, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn, pàápàá ẹ̀yìn orúnkún àti abíyá. Mo ti tọ́jú àwọn tí eégbọn kó àìsàn Lyme bá, mi ò fẹ́ ẹ fún ọ̀tá.

Ó wá kan oúnjẹ. Béárì dúdú wà ní Shenandoah, imú wọn sì mú ju ti ajá lọ. Gbogbo ohun tó bá ń rùn tàbí tó ń ta sánsán ní láti wà nínú mọ́tò tẹ́ ẹ tì pa, tàbí nínú àpótí irin tí wọ́n pèsè: oúnjẹ, kúlà, ìkòkò tẹ́ ẹ ò tíì fọ̀, ọṣẹ dúdú, ìpara, ọṣẹ ìfọyín. Kí nǹkan kan má ṣe bá yín wọ inú àgọ́. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ fi irú àti panla sílẹ̀ nílé. Ìrẹsì jollof ni mo máa ń sè sílẹ̀, màá jẹ́ kó dì gbagidi nínú fíríìsà, á wá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà títí di alẹ́ Saturday. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n nìkan ni mo ń dín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí béárì, ẹ má sáré. Ẹ rọra máa fi ẹ̀yìn rìn, ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún un kó lè lọ.

Dòdò yìí ni mo fi ń kí àwọn èèyàn. Ẹ lọ kí wọn kí oòrùn tó wọ̀, kí wọ́n lè rí ojú yín. Ẹ má ṣe gba àárín ojú àgọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Bíi kéèyàn gba pálọ̀ onílé kọjá ló ṣe rí lójú wọn. Ojú ọ̀nà ni kẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ ju ọwọ́, kẹ́ ẹ dárúkọ ara yín àti ibi tẹ́ ẹ ti wá. Àwa tí a ní "ẹ kú ìrìn", "ẹ kú òtútù", "ẹ kú ìdáná", gbogbo ìkíni yìí ṣeé sọ lédè wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀nà jìn, bóyá igi wọn ń jó dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó, kẹ́ ẹ padà sí ààyè yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn yín á wá. Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, ẹ bi àwọn òbí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún un ní nǹkan, ní pàtàkì kúlíkúlí àti súyà, torí ẹ̀pà ń ṣe àwọn ọmọ kan bí májèlé.

Ẹ fojú sílẹ̀ o. Mo máa ń kọ́kọ́ kí àwọn ìdílé àti àwọn àgbàlagbà. Mi ò ń wọ àgọ́ ẹnikẹ́ni, mi ò ń mu ohun tí wọn ò ṣí lójú mi. Ọkùnrin kan bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà kan bóyá lóòótọ́ èmi nìkan ni. Mo lọ sọ fún ẹni tó ń bójú tó ibùdó, bàbá eléèkàn sì gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ iná mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà òwúrọ̀, ariwo kò sí. Èmi náà máa ń gbàdúrà òru, inú mọ́tò ni mo ti ń gbà á.

Ní alẹ́ kejì ìrìn àkọ́kọ́ yẹn, mo gbé dòdò lọ fún ìyá adúláwọ̀ kan láti Richmond, tó lé ní ọgọ́rin ọdún, tóun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ jọ wá. Orúnkún mi tẹ̀ bí mo ṣe ń kí i. Ó bi mí kí ni mo ṣe yẹn, mo ṣàlàyé fún un, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n jókòó. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìgbà tí òfin Virginia ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun, Lewis Mountain ni wọ́n yà fún àwọn dúdú. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣí i, ó sì di 1950 kí ìyàsọ́tọ̀ tó kúrò pátápátá nínú ọgbà náà. Àwọn òbí rẹ̀ wá síbẹ̀ láyé ìgbà náà. Ó yọ fọ́tò kékeré kan nínú Bíbélì rẹ̀, etí rẹ̀ rí wínníwínní. Obìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun jókòó sórí tábìlì onígi, ọkùnrin kan dúró tì í, ó bọ́ fìlà sọ́wọ́, eyín rẹ̀ hàn. Mo bi í pé kí ló dé tó ṣì ń wá síbi tí wọ́n fipá ya àwọn èèyàn rẹ̀ sọ́tọ̀ sí. Ó ní nínú gbogbo fọ́tò bàbá òun, èyí nìkan ni ó ti ń rẹ́rìn-ín.

A jọ jókòó títí igi fi di ẹ̀yinná. Ọmọ ọmọ rẹ̀ jẹ dòdò náà tán.

Lówùúrọ̀ tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ da omi sínú ààrò, ẹ rò ó, ẹ tún da omi, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú náà. Tí kò bá tíì tutù, ẹ má lọ. Ẹ ka èèkàn yín, mẹ́jọ ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí àgọ́ gbẹ nílé kẹ́ ẹ tó ká a, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á hu. Kẹ́ ẹ sì fi bébà gba nọ́ńbà àwọn èèyàn yín kẹ́ ẹ tó kúrò, torí fóònù lè ti kú. Bébà tí ìyá yẹn kọ fún mi ṣì wà lára fíríìjì mi. Ní October tó ń bọ̀, a ó tún pàdé níbẹ̀, ó ní kí n mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀ wá.