Bí mo ṣe ṣọ́ ìyá mi lọ́wọ́ ikọ́ nígbà tí a lọ ṣe hájì

Nígbà tí ó dájú pé èmi àti ìyá mi yóò jọ lọ sí Mẹ́kà, kì í ṣe oòrùn Àráfà ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù bí kò ṣe ikọ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn alálàájì àdúgbò wa ni ó máa ń wúkọ́ dé. Ìyá mi ti lé ní 70 ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára wọn, ikọ́ tí ọ̀dọ́ yóò wú fún ọ̀sẹ̀ kan lè di òtútù àyà fún wọn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn yírùnyírùn (meningitis) jẹ́ dandan, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ara, ó kéré tán, ní ọjọ́ 10 kí ènìyàn tó dé Saudi Arébíà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ tò fún un rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ni kò kan ikọ́ rárá. Èyí tí ó kan ikọ́ ni abẹ́rẹ́ flu, ilé ìwòsàn aládàáni mẹ́ta ni mo sì dé kí n tó rí i. A gbà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí agbára rẹ̀ tó jọ nínú ara. Dókítà fi abẹ́rẹ́ òtútù àyà kún ti ìyá mi nítorí ọjọ́ orí wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbòmú ni ó mú àríyànjiyàn wá. Ìyá mi ní obìnrin kì í bojú nínú hàrámì, ìyẹn ipò mímọ́ tí alálàájì ń wọ̀. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá ààfáà tí ó ṣáájú wa, ó sì ṣàlàyé pé níkáàbù ni a kọ̀ fún wa, pé ìbòmú tí a fi ń sá fún àrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyá mi kò jà mọ́, àfi pé òógùn máa ń mú un tutù láàárín wákàtí díẹ̀ níbi tí a ti ń yí Káábà ká, mo sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀.

Mínà, níbi tí àwọn alálàájì ti ń sùn nínú àgọ́, ni iṣẹ́ gidi wà. Ibùsùn fara kan ibùsùn nínú àgọ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, ẹnìkan kì í sì í ṣí ilẹ̀kùn nítorí ooru, nítorí náà afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń mí. Ní alẹ́ kejì, ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi lo èyí,” mo sì fún wọn ní ìbòmú, torí ó wúlò lẹ́nu ẹni tí ń wúkọ́ ju lẹ́nu ẹni tí ń sá fún ikọ́ lọ. Wọn kò bínú. Wọ́n tilẹ̀ rán wa létí pé Ànábì máa ń fi ọwọ́ tàbí aṣọ bo ẹnu bí wọ́n bá sín. Mo yí orí ìyá mi sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà, èmi sì sùn sáàárín wọn.

Àwọn kan ń dá omi Sámùsámù tútù lẹ́bi ikọ́ yìí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, èémí ni kòkòrò ń bá wọlé, ṣùgbọ́n mo ń bu èyí tí kò tutù fún ìyá mi kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa fẹ́ lọ mu wàrà ràkúnmí, mo kọ̀ jálẹ̀: ràkúnmí ni ó ń gbé kòkòrò MERS, àrùn èémí kan tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára ènìyàn ní Saudi ní ọdún 2012.

Ìyá mi kò wúkọ́. Èmi ni mo kó o, bóyá ní alẹ́ tí mo sùn sáàárín yẹn. Nígbà tí a padà dé, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ wá kí Alhaja fún omi àti dàbínù, mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi fún ọjọ́ márùn-ún, àwọn ọmọ mi sì ń kí mi láti ojú fèrèsé.