Láti Orí Láptọ́ọ̀pù Bọ́ Sórí Tábúlẹ́ẹ̀tì: GB Mélòó Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni pé, "512 GB ni láptọ́ọ̀pù mi, 512 GB náà ni màá ra tábúlẹ́ẹ̀tì." Ìṣirò yẹn kò tọ̀nà, owó gidi ló sì ń jẹ, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó kún inú láptọ́ọ̀pù kò ní bá yín dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì rárá. Àwọn mìíràn ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á ra èyí tó kéré jù lórí àtẹ, wọ́n á ní cloud, ìyẹn ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń bẹ. Kí ọdún tó yí po, ẹ̀rọ á ti máa pariwo pé òun ti kún.

Nínú méjèèjì, ti ìkejì ló ṣòro tún ṣe. Ní ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, èèyàn lè tú ìdí rẹ̀, kó yọ SSD, ìyẹn dísìkì ìpamọ́ rẹ̀, tó jẹ́ 256 GB, kó sì fi ti 1 TB (1,000 GB) rọ́pò. Ti tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n ti jó ìpamọ́ rẹ̀ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ. GB tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà lẹ máa lò títí ẹ ó fi gbé ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn. Torí náà, ẹ ṣírò ààyè ọdún mẹ́rin, ẹ má ṣírò ti òní nìkan.

Ẹ tú láptọ́ọ̀pù palẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà

Lórí Windows, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, lẹ́yìn náà Storage, kí ẹ sì tẹ Show more categories kí gbogbo ọ̀wọ́ lè jáde. Lórí Mac, System Settings ni, lẹ́yìn náà General, lẹ́yìn náà Storage. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ iye tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Àpapọ̀ nìkan kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú láptọ́ọ̀pù Windows kan tó jẹ́ 512 GB, tí wọ́n ti lo 310 nínú rẹ̀. Ó lè pín báyìí: Windows àti àwọn ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, 60, àwọn ètò àti géèmù, 85, fódà Downloads, 40, ìwé iṣẹ́ àti PDF, 12, fọ́tò àti fídíò, 90, àwọn tí kò ní ọ̀wọ́ pàtó, 23.

60 àkọ́kọ́ kò lọ síbì kankan. Windows fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, hiberfil.sys tó fi ń pa iṣẹ́ mọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn wà níbẹ̀, pagefile.sys náà ń bẹ, bóyá pẹ̀lú fódà Windows.old tí ìmúdójúìwọ̀n ńlá kan fi sílẹ̀. Bákan náà ni 85 kejì, torí ètò Windows kò ṣiṣẹ́ lórí iPad tàbí Android, ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún tábúlẹ́ẹ̀tì sì sábà máa ń fúyẹ́ jù ú lọ dáadáa. Downloads ńkọ́? Ẹ tò ó bí fáìlì ṣe tóbi sí. Ẹ ó bá àwọn .exe tí ẹ fi ètò sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn zip tí ẹ ti tú tán, àti PDF kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí wọ́n kọ (1), (2), (3) sí nídìí. Nínú 40 yẹn, ká ní 5 ló wúlò. Ìwé iṣẹ́, gbogbo 12 ló ń lọ. Fọ́tò, ká ní 30 ni ti ọdún méjì àìpẹ́ tí ẹ fẹ́ máa rí nígbàkúùgbà, kí 60 yòókù wọ inú SSD ìta. Ìyókù 23, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ ìdọ̀tí ló sábà máa ń jẹ́.

12, 30 àti 5: 47 GB péré ló tẹ̀lé yín nínú 310.

Ibì kan wà tí ojú ti lè tan yín jẹ. Bí ẹ bá ń lo OneDrive, cloud ti Microsoft, àwọn fáìlì kan wà tí ẹ ń rí orúkọ wọn lórí láptọ́ọ̀pù ṣùgbọ́n tí wọn kò sí níbẹ̀. Àwòrán ìkùukùu kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fódà náà, kí ẹ yan Properties. Ẹ ó rí Size, ẹ ó sì rí Size on disk lábẹ́ rẹ̀. Bí Size bá jẹ́ 80 GB tí Size on disk sì jẹ́ 6, ó túmọ̀ sí pé 6 péré ni ẹ ti ń gbé kiri, tí iṣẹ́ yín kò sì tìtorí ẹ̀ dúró. Ẹ̀rí wo ló tún ju ìyẹn lọ pé ẹ kò nílò 80 lórí tábúlẹ́ẹ̀tì?

Òmíràn tún ni ọ̀nà ìkà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń ka 1 GB sí báìtì 1,000,000,000. Windows ń ka tirẹ̀ sí 1,073,741,824. Ìdí nìyẹn tí dísìkì 512 GB fi ń hàn bíi 476 lójú Windows. 47 tí ẹ kọ sórí bébà yóò jẹ́ nǹkan bíi 50 nígbà tó bá dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mac kò ní wàhálà yìí.

Ìṣirò náà gan-an

Ẹ fi 20 GB sílẹ̀ fún ètò tó ń darí tábúlẹ́ẹ̀tì. Inú iye tí wọ́n kọ sára páálí ni yóò ti yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa fún yín ní 128 tó ṣófo pátápátá. Fún áàpù, 25 tó fún ẹni tó ń kọ̀wé, tó ń ṣe ìpàdé orí fídíò, tó sì ń ka ìròyìn. Bí géèmù bá wọ̀ ọ́, ẹ ka àwọn ńlá sí 10 sí 30 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣọ́ áàpù tí ẹ fi ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́, torí gbogbo fídíò tí ẹgbẹ́ kan ń fi ṣọwọ́ lè máa wọlé fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ wò ó. Ẹ wá ibi tí ẹ ti lè pa èyí nínú Settings rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà, bó ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dún. Ẹ wo fódà fọ́tò àti ti iṣẹ́ fún ọdún tó kọjá nìkan, kí ẹ ka iye tó jẹ́. Ká ní 20 ni. Ọdún mẹ́rin jẹ́ 80.

50, 20, 25 àti 80 jẹ́ 175. Ẹ wá fi 0.8 pín in, kí ìdá kan nínú márùn-ún ìpamọ́ lè máa ṣófo: nǹkan bíi 219. 256 GB ló kàn lórí àtẹ, òun ni kí ẹ rà.

0.8 yẹn kì í ṣe àṣejù. Ìpamọ́ flash kò dà bí bébà tí a lè fi rọ́bà pa lẹ́tà kan ṣoṣo rẹ́ lórí rẹ̀. Odindi búlọ́ọ̀kù kan ló ní láti nù kó tó lè tún ibẹ̀ kọ. Nígbà tí ààyè bá wà, ó ń ṣe ìnù yìí ní ìdákẹ́jẹ́ nígbà tí ẹ kò lò ó. Tó bá ti kún dẹ́nu, ṣe ló máa ń kó ẹrù láti yàrá kan sí òmíràn kó tó rí ibi tó máa kọ fáìlì tuntun sí, ẹ ó sì rí i tí ẹ̀rọ tó ń yára tẹ́lẹ̀ ń wọ́. Ìmúdójúìwọ̀n pẹ̀lú nílò ibi tó máa já ẹrù rẹ̀ sí, kó tú u, kó tó fi ara rẹ̀ sípò. Bí kò bá rí i, kò ní wọlé, ẹ kò sì ní rí àtúnṣe ààbò gbà.

Bí ẹ bá gbé gbogbo fọ́tò sí cloud ńkọ́? 18 ni fáìlì tó kù (12 àti 5, bí tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe ń kà á), 20 àti 25 wà níbẹ̀, ká sọ pé 8 ló ń pọ̀ lọ́dún, ìyẹn 32. Ó di 95; ẹ fi 0.8 pín in, ó di 119. 128 yóò gbà á, àmọ́ fún-ún-fún-ún ni.

Ohun tó ń jẹ ààyè, àti ohun tí kò jẹ ẹ́

Ìwé kì í jẹ ààyè. Ẹgbẹ̀rún fáìlì Word tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 200 KB kò ju 200 MB lọ. PDF tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà lójú ewé-ojú ewé wúwo díẹ̀. Ìwé ojú ewé 300 aláwọ̀ mèremère lè tó 150 sí 300 MB. Orin tó dára, oníṣẹ́jú mẹ́rin, jẹ́ nǹkan bíi 10 MB. Fọ́tò fóònù máa ń wà láàárín 2 sí 5 MB, torí náà fọ́tò 10,000 jẹ́ nǹkan bíi 30 GB.

Fídíò ni olè. Bí iPhone ṣe ń ká a sílẹ̀, ìṣẹ́jú kan 1080p ní férémù 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ bíi 60 MB. 4K, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti 1080p lọ, ní férémù 30 jẹ́ bíi 170 MB. 4K ní férémù 60 gbé e dé 400 MB. Wákàtí kan irú èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ 24 GB. ProRes, irú fídíò tí àwọn tó ń fi fídíò ṣiṣẹ́ ṣe ń ká, ní 4K jẹ́ bíi 6 GB fún ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ 128 GB kò lè gbà á fún ogún ìṣẹ́jú tán.

Ẹni tó ń gé fídíò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi mẹ́ta ṣe ìlọ́po, ohun tí wọn kì í sì í sọ fúnni nìyẹn. Fídíò àkọ́kọ́ wà nínú Photos. Nígbà tí ẹ bá mú un wọ inú áàpù ìgé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn áàpù yìí máa ń ṣe ẹ̀dà tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ tó parí jáde, ẹ̀dà kẹta dé. Fídíò 20 GB lè di 50 tàbí 60 kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ra 128 á sì máa pa fáìlì rẹ́ láàárín iṣẹ́.

RAM tó fara pamọ́ sẹ́yìn GB

Kí ẹ tó san owó, ẹ wò ó bóyá RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ń yí bí ìpamọ́ ṣe ń yí. iPad Pro M4 ti 2024 ní RAM 8 GB lórí 256 àti 512, ṣùgbọ́n 16 GB lórí 1 TB àti 2 TB. Galaxy Tab S9 ti 2023 ní 8 GB lórí 128, ó sì ní 12 lórí 256. iPad Air M1 ti 2022 le jù wọ́n lọ: èyí tó jẹ́ 256 ló lè yá lára ìpamọ́ bí RAM bá tán, ti 64 kò lè ṣe é. Lójú tiwa, ẹni tó fẹ́ ṣí áàpù mẹ́rin papọ̀ bó ti ń ṣe lórí láptọ́ọ̀pù kò gbọ́dọ̀ fojú fo èyí, kódà bí fáìlì rẹ̀ bá kéré.

64 GB, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ó máa rí i lọ́jà alòkù, torí 64 àti 256 nìkan ni iPad ìran kẹwàá ní, kò ní 128. 256 rẹ̀ ni kí ẹ wá. 512 tọ́ sí ẹni tó ń gbé fọ́tò tàbí fíìmù púpọ̀ rìnrìn àjò níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí. 1 TB wà fún àwọn tó ń gé fídíò, àti àwọn tó ń wá RAM yẹn.

Káàdì, SSD ìta, àti cloud

iPad kò ní ojú ihò microSD. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì Android ní in, ṣùgbọ́n fọ́tò, orin àti fíìmù ni kí ẹ kà á sí fún. Púpọ̀ nínú áàpù kò ní gbà kí ẹ kó àwọn lọ síbẹ̀. Ayédèrú káàdì pọ̀: ó á kọ 512 sára, 32 ni yóò wà nínú rẹ̀, yóò sì máa kọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí láìwí nǹkan kan. Ẹ fi ètò tó ń jẹ́ H2testw dán an wò lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac, kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i.

Ní ti SSD ìta, ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT, ọ̀nà ìtò fáìlì tí Windows àti iPad jọ ń lò. Bí ó bá jẹ́ NTFS tí Windows ń lò, iPad kò ní lè kọ nǹkan sí i. FAT32 ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, àmọ́ kò gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ. Ẹ wo okùn pẹ̀lú: okùn tí wọ́n fi ń gba iná, tó bá iPad wá nínú páálí, iyára USB 2 ló ní, ìyẹn mẹ́gábíìtì 480 (bíi 60 MB) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ihò ẹ̀rọ náà ì báà yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú irú okùn yẹn, 100 GB lè gba bí ìṣẹ́jú 40. iPad ìran kẹwàá kò sì lè yá ju USB 2 lọ, okùn yòówù kí ẹ fi sí i.

Ti cloud: Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, iCloud 5, OneDrive 5. Ẹ mú iye tí 256 fi wọ́n ju 128 lọ, kí ẹ fi oṣù 48 pín in, kí ẹ fi wé owó cloud oṣooṣù. Nígbà mìíràn cloud ló wọ́n jù. Kí ẹ sì rántí pé ohun tó ń bá ara rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́: bí ẹ bá pa fọ́tò rẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì láti wá ààyè, yóò parẹ́ nínú cloud àti lórí fóònù pẹ̀lú. Optimize iPad Storage ni kí ẹ tàn dípò ìyẹn. Ẹ̀dà kékeré ló máa wà lórí ẹ̀rọ, ti gidi á wà lókè.

Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá dé ọwọ́ yín, ẹ má kó ẹrù sí i díẹ̀díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, kí àkókò ìdápadà tó kọjá, ẹ kó gbogbo áàpù àti fáìlì tí ẹ kọ sórí bébà sí i, kí ẹ sì wo Settings, General, iPad Storage, tàbí Storage nínú Settings ti Android. Bó bá ti lé ní ìdajì lọ́sẹ̀ kìíní, ẹ dá a padà kí ẹ mú èyí tó kàn. Láptọ́ọ̀pù ńkọ́? Ẹ má tíì tà á títí ẹ ó fi so SSD ìta mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ó sì ṣí fáìlì mẹ́wàá láti inú fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbogbo wọn á jẹ́.