Bẹ́ ẹ ṣe máa gba àṣẹ ìrìnàjò orí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde

Ẹ ti rí i pé ìlú tẹ́ ẹ ń lọ ò bèèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó ní irú pásípọ́ọ̀tù yín, inú yín ti ń dùn, ẹ ti fẹ́ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ rọra ná. Ọ̀pọ̀ ìlú tí ò bèèrè físà ló ń bèèrè àṣẹ kan tẹ́ ẹ máa gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbéra, ESTA ni tàwọn Amẹ́ríkà, Kánádà ń pe tiwọn ní eTA, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ní ETA tiwọn báyìí. Wàhálà ẹni tí ò bá gbà á kì í sì í dúró dìgbà tó bá balẹ̀ lọ́hùn-ún, ìdí kántà níbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbéra ló ti máa bẹ̀rẹ̀, torí àwọn oníbàálù ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọn ò bá ti rí i lórí ẹ̀rọ wọn, ẹ ò ní wọkọ̀, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án.

Ẹ kọ́kọ́ wo pásípọ́ọ̀tù yín dáadáa. Òun ni wọ́n ń wò jù, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Àwọn orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbà láyè ESTA ò ju bí ogójì àti díẹ̀ lọ, pásípọ́ọ̀tù náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ní ṣíìpù nínú, ìyẹn ẹ̀rọ pínńpín tó ń tọ́jú ìsọfúnni yín, ẹ máa rí àmì kékeré kan lára èèpo iwájú ẹ̀ níta, bí àpótí pẹrẹsẹ tó ní róbótó láàárín. Ọjọ́ 90 ni wọ́n ń fún yín, fún ìgbafẹ́ tàbí ìpàdé òwò, kì í ṣe fún iṣẹ́ tàbí ilé ìwé. Ẹni tó bá sì ti dé Ìráàkì, Ìráànì tàbí Síríà láti March 1, 2011, tàbí Kúbà láti January 12, 2021, kó má tiẹ̀ fi ESTA da ara ẹ̀ láàmú, físà ni kó lọ gbà.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ nìyí: tẹ́ ẹ bá tẹ ESTA sórí Google, èyí tó máa kọ́kọ́ yọjú lè jẹ́ ìpolówó àwọn aláàárín, wọ́n á ya àsíá sí i, wọ́n á kun ún ní búlúù, ẹ máa rò pé ìjọba ni. Ojúlé ìjọba fún ESTA ni esta.cbp.dhs.gov, tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí gov.uk, ti Kánádà sì wà lórí canada.ca. Ẹ mọ iye tó yẹ kẹ́ ẹ san kẹ́ ẹ tó mú káàdì jáde, orí àwọn ojúlé ìjọba yìí ni kẹ́ ẹ ti wò ó, torí iye náà máa ń yí padà. Dọ́là 21 ni ESTA tẹ́lẹ̀, ó di 40 ní September 30, 2025. Tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní pọ́n-ùn 10, ó di 16 ní April 2025. Ti Kánádà, dọ́là Kánádà 7 péré. Tí ojúlé kan bá ní kẹ́ ẹ san dọ́là ọgọ́rùn-ún fún èyíkéyìí nínú wọn, ẹ pa á dé kíá.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Kò le, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́, torí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n so àṣẹ yẹn mọ́, tí lẹ́tà kan bá ti yàtọ̀, ẹni tí kò sí láyé lẹ gba àṣẹ fún. Ẹ ṣí ojú ìwé tí fọ́tò yín wà, ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó kún fún àmì <<<, àmì 44 ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìlà kejì, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wé èyí tó wà lókè, kẹ́ ẹ sì ṣọ́ lẹ́tà O àti òdo, òdo máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀, O máa ń fẹ̀ jù ú lọ. Pásípọ́ọ̀tù Jámánì ò tiẹ̀ ń lo lẹ́tà O rárá nínú nọ́ńbà ẹ̀, òdo ni gbogbo ẹ̀. Orúkọ náà, bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ má fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi àmì sábẹ́ ẹ̀, tí orúkọ méjì bá wà níbẹ̀ ẹ má yọ ìkan kúrò torí pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ tún gbogbo ẹ̀ kà kẹ́ ẹ tó sanwó, torí tẹ́ ẹ bá ti sanwó ESTA tán tí nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ò bọ́ sí i, fọ́ọ̀mù tuntun lẹ máa kọ, ẹ ó sì tún owó san.

Ẹ máa fún wọn láyè ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán. Ti Kánádà sábà máa ń jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé tiyín ò ní pẹ́.

Títẹ̀ ẹ́ jáde wá ńkọ́? Orí ẹ̀rọ wọn ni àṣẹ gangan wà, pépà yìí ò ju ẹ̀rí ọwọ́ lọ, síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, torí fóònù lè kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, ẹni tó wà ní kántà sì lè máa wá orúkọ yín tí ò ní rí i. Fún ESTA, ẹ padà sórí ojúlé yẹn, ẹ lọ síbi tẹ́ ẹ ti lè wo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà fọ́ọ̀mù, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù sí i. Authorization Approved ni kẹ́ ẹ rí. Tó bá jẹ́ Pending, ẹ ṣe sùúrù, wọ́n lè lo wákàtí 72, tó bá sì jẹ́ Travel Not Authorized, físà ló kàn. Ẹ kọ́kọ́ fi pamọ́ bíi PDF, ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì ara yín, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tó máa parí hàn dáadáa, torí prínta míì máa ń gé etí ìwé jẹ. Ti Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, íméèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lẹ máa tẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì lẹ lò, ẹ pa fáìlì yẹn rẹ́ kẹ́ ẹ tó dìde. Inú báàgì ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi pépà sí o, ẹ má kó o sínú ẹrù tí wọ́n máa gbé wọ abẹ́ bàálù.

Ọdún méjì ni ESTA àti tilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, Kánádà ọdún márùn-ún, àmọ́ tí pásípọ́ọ̀tù bá kú, àṣẹ kú nìyẹn, pásípọ́ọ̀tù tuntun gbọ́dọ̀ gba tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń kó ọmọ lọ, ọmọ ọwọ́ pàápàá ní láti ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, ESTA máa ń gbà kẹ́ ẹ kọ tìdílé pa pọ̀ kẹ́ ẹ sì sanwó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n fún Kánádà, lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ máa kọ ọ́.