Bí a ṣe ń gbé ọmọdé jáde l'Ékòó lówó pọ́ọ́kú

Ibi kan ṣoṣo lóòjọ́ ti tó fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje. Òbí tó bá ní òun fẹ́ dé ibi mẹ́ta, tó bá máa fi di aago kan ọ̀sán, ọmọ tó ń sunkún ló máa wà léjìká rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni owó ti máa ń bọ́: áísìkirímù láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mínírà, lẹ́yìn náà takisí tí kò sí nínú ìṣírò. Ẹ kúrò nílé ní aago méje ààbọ̀, kí ẹ sì ti kọrí sílé kí aago méjìlá tó lù.

Èyí tí a máa kọ́kọ́ dá lábàá ni rélùwéè Blue Line tó ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ibùdókọ̀ márùn-ún péré ló ní, ṣùgbọ́n lójú ọmọdé, ọkọ̀ yẹn gan-an ni ìgbafẹ́. Bí ẹ bá ń lọ sí Erékùṣù, ẹ bá a wá ìjókòó lẹ́bàá fèrèsé lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí ọkọ̀ bá ti fi National Theatre sílẹ̀, orí omi ló máa gbà wọ Marina, ọmọ á sì rí àwọn ọkọ̀ ojú omi àti kéréènì Àpápá, kí àwọn ilé gogoro Marina tó yọ síwájú.

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ níbẹ̀, káàdì Cowry ni. Ẹ fi owó àlọ àti àbọ̀ sí i láti ọjọ́ tó ṣáájú, torí ẹni tí owó káàdì rẹ̀ bá tán ní Marina á tún lọ tò lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ tó ti ń tòògbé. Ẹ fi káàdì náà kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde. Irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí iná mànàmáná ń gbà dé inú ọkọ̀. Nítorí náà, bí bàtà ọmọ bá já bọ́ síbẹ̀, òṣìṣẹ́ ni kí ẹ pè, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ará Agége àti Ìkẹjà, Red Line láti Àgbádó sí Òyìngbò wà fún yín, káàdì kan náà ni.

Láti Marina, ẹ gba Broad Street lọ sí Freedom Park. Bí ẹ bá ṣì ọ̀nà, ẹ béèrè ọsibítù Jẹ́nẹ́rà, kò jìnnà síbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park láyé òyìnbó, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Owó ẹnu ọ̀nà kò pọ̀. Ọmọ tó ti wọ ilé ìwé lè gbọ́ pé wọ́n ti Herbert Macaulay àti Awólọ́wọ̀ mọ́ ibẹ̀ rí. Ibi tí wọ́n ti ń so èèyàn rọ̀ ti di orí ìtàgé, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ jẹ́ kó máa sáré kiri. Ẹ fi mùsíọ́ọ̀mù Oníkan sí ọjọ́ mìíràn, nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà tó sì lè béèrè ìdí tí ihò ìbọn fi wà lára ọkọ̀ Murtala Muhammed.

Ẹ fi kẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n ń tì sílé. Gọ́tà àti ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti fọ́ kò ní jẹ́ kó yí, ọ̀já ló dára jù. Ẹ yẹra fún Balógun àti Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé, èrò ibẹ̀ lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú bébà kékeré, ẹ fi sápò rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀ gan-an.

Oúnjẹ ni ọ̀ràn ti pọ̀ jù. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí a dé mọ́ inú kúlà nígbà tó ṣì ń gbóná máa ń làágùn, ooru àti omi yẹn ló ń mú un kan kó tó di ọ̀sán. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù kí ẹ tó dé e, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán kó tó di aago mọ́kànlá. Búrẹ́dì àti ẹyin sísè kì í da èèyàn láàmú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má bó ẹyin nílé. Ẹ̀pà odidi kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a lọ́fun. Ẹ gbé ìgò omi kan tó ti dì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú píọ́ wọ́tà méjì, tíṣù àti ọṣẹ. Kí ọmọ tọ̀ kó tó kúrò nílé, kó tún tọ̀ kí ẹ tó kúrò ní ọgbà.

Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, èbúté tí ìjọba mọ̀ sí ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì yẹ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì wò. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, ẹ wá di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè dé etí, ti àgbàlagbà ni, ọmọ á yọ́ bọ́ nínú rẹ̀ bó bá já sómi. Bí wọn kò bá ní èyí tó bá a mu, ẹ má wọ ọkọ̀ náà, bó ti wù kó sunkún tó.