Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìrìn Àjò Gọ́ọ̀fù sí Edinburgh àti Agbègbè Rẹ̀

Àwa mẹ́rin la lọ: èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àti ọ̀rẹ́ wa méjì. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ṣe é, pápá kan ṣoṣo ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà, ìyẹn Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní ìlú St Andrews ní Scotland.

Pápá gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan, kò sí àlejò tí wọ́n máa lé padà torí pé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ gbá a pọ̀ ju àyè tó wà lọ, nítorí náà kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbá, ẹ ó fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti ẹni méjì sí mẹ́rin. Tó bá yá, wọ́n á gbé orúkọ àwọn tí kèké mú jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan máa ń ta àyè ibẹ̀ pọ̀ mọ́ òtẹ́ẹ̀lì láti ọdún tó ṣáájú, owó rẹ̀ sì ju agbára wa lọ. Kèké náà ló kù fún wa.

Nínú ètò tí mo kọ́kọ́ kọ, ọjọ́ Àìkú ni mo fi Old Course sí. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, ó pè mí lóru.

“Àbúrò, ṣé o wádìí ọ̀rọ̀ Àìkú yìí? Wọn kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú o.”

“Háà! Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi. Mi ò mọ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará ìlú ló ń fi pápá náà ṣe ibi ìgbafẹ́, tọmọ tajá. Mo fa ìwé náà ya, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí mo lè dì mú ni mo fi sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ọ̀sẹ̀: pápá North Berwick lọ́jọ́ Ajé, pápá Gullane lọ́jọ́ Ẹtì, mo sanwó méjèèjì sílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún kèké, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó lè gbìyànjú. Ó dùn mí pé ètò yẹn gba Muirfield, pápá tó wà nítòsí Gullane, lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gba àlejò, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tó ni ín ló kọ òfin gọ́ọ̀fù 13 sílẹ̀ ní Leith lọ́dún 1744. Mo rò ó títí, mo ní kó lọ.

Oṣù kẹfà ni mo mú. Oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń lọ, ilẹ̀ ṣì mọ́. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ sá fún, torí àjọ̀dún ìṣeré máa ń kún Edinburgh, òtẹ́ẹ̀lì á sì gbówó lórí.

Àwọn kan gbà wá nímọ̀ràn pé ká máa kó láti ìlú dé ìlú. Mi ò gbà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Waverley ni mo gbà, a ò sì háyà mọ́tò rárá. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí North Berwick ń lò bí ìdajì wákàtí. Ti St Andrews ni ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí: wọ́n ti ti ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀ láti ọdún 1969, Leuchars lẹ ó ti sọ̀, bíi wákàtí kan sí Edinburgh, kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì díẹ̀.

Ìwé handicap, tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe mọ gọ́ọ̀fù gbá tó, fẹ́ẹ̀ dá wa dúró. Ẹ ò lè gbá Old Course láìní in lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa kan wà sì jẹ́ kó pẹ́ títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ kan ká gbéra. Ẹ tètè bèèrè tiyín.

Lọ́jọ́ Àìkú a lọ rìn lórí Old Course bí àwọn ará ìlú. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kẹtàdínlógún. Ògiri koríko tí wọ́n tò léra bí bíríkì dé àyà mi, ọ̀run nìkan ni mo rí. Orí afárá Forth tí wọ́n ṣí lọ́dún 1890 ni a wà nígbà tí èsì wọlé: kèké kò mú wa fún Ìṣẹ́gun.

North Berwick tu wá nínú. Ní ihò kẹtàlá, ògiri òkúta wà láàárín èèyàn àti asia tó ń fi ibi ihò hàn. Ihò kẹẹ̀ẹ́dógún ni Redan, tí àwọn tó ń ṣe pápá ti ṣe àwòkọ rẹ̀ káàkiri ayé. Ilẹ̀ ibi ihò rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sẹ́yìn, sí apá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbá a sí asia rárá, apá ọ̀tún ni wọ́n fọkàn sí, bọ́ọ̀lù sì ń yí, ó ń yí, títí ó fi dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí ihò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kèké tún kọ̀ wá fún Ọjọ́rú.

Mo ti ní ohun tí a ó fi dípò tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun a lọ sí Braid Hills, pápá gbogbo ìlú tó wà lórí òkè nínú Edinburgh gan-an. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Musselburgh ló kàn, ihò mẹ́sàn-án láàárín pápá eré ẹṣin. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá eré ẹṣin wà lọ́jọ́ náà. A háyà ọ̀pá onígi bíi ti ayé àtijọ́ níbẹ̀, a sì gbá a lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá The Open, ìdíje ńlá gọ́ọ̀fù, lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1874 sí 1889.

Èsì ti Ọjọ́bọ̀ ti wọlé ká tó lọ sí Musselburgh. Nírọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, nídìí oúnjẹ, fóònù mi gbọ̀n. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi: orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú.

Ní Old Course, méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ihò ń jọ lo ilẹ̀ koríko kúkúrú kan tí asia wà, àròpọ̀ nọ́ńbà àwọn méjèèjì sì máa ń jẹ́ 18: ìkejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Asia funfun ni ti ìlọ, pupa ni ti àbọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ lójú wa láti ihò kẹwàá. Ní ìkẹtàdínlógún, bọ́ọ̀lù mi lọ sínú kòtò ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde, inú mi sì ń dùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lórí òkè Gullane, omi Forth tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, Edinburgh sì hàn lókèèrè. Muirfield wà nítòsí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí i, wọ́n ní, “Àbúrò, ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń gba àlejò?” Mo mú ìwé jáde nínú báàgì mi.