Ẹ fún ìgbálẹ̀ yín ní afẹ́fẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òjò ti ń rọ̀ gan-an n'Ílé-Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù mọ́. Ìdí rẹ̀ á jẹrà. Ẹ gbọn omi ara rẹ̀ dànù, kí ẹ so ó kọ́ sára ògiri.

Tí ẹ bá ra tuntun l'Ọjà Odò-Ògbè, ẹ tẹ igi rẹ̀ kan wò. Tó bá ń tẹ̀ láì ṣẹ́, ó dáa. Ẹ fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ kó dọ́gba, kí ẹ wá fi rọ́bà táyà dì í le ní ọ̀nà méjì. Kò ní máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjábẹ̀, ìgbálẹ̀ kékeré tí a fi ń ja ewédú, ló ká mi lára jù. Ẹ má ṣe gé e lára ìgbálẹ̀ tó ti gbálẹ̀ rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Igi tuntun ni kí ẹ fi ṣe é. Tí ẹ bá ja ewédú tán, ẹ tú u palẹ̀ lábẹ́ omi, nítorí ewédú máa ń há sáàárín rẹ̀, kí ẹ sì sá a sóòrùn.

Àwọn àgbà ní ká má gbálẹ̀ lálẹ́, ká má sì fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin. Mo ń pa méjèèjì mọ́. Láyé fìtílà, yẹtí tó bá já bọ́ lè bá ìdọ̀tí lọ. Tó bá di dandan kí ẹ gbálẹ̀ lálẹ́, ẹ kó ìdọ̀tí náà jọ sígun yàrá, kí ẹ dà á nù láàárọ̀.